Ọ̀bẹ Inú Ọkọ̀: Irin, Iyọ̀ àti Oríkèé

Nígbà tí wọ́n lẹ orí-ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara pátákó, ó dé etígbọ̀ọ́ mi pé àwọn kan ń béèrè ohun tí ó kan ọmọ Sẹ̀kọ̀nà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ìbéèrè náà tọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Ẹdúnàbọ̀n kọjá lọ sí Ẹdẹ àti Òṣogbo mọ̀ pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni Sẹ̀kọ̀nà wà. Ọkọ̀ tí ń sáré lórí ọ̀dà ni àwa mọ̀. Ṣùgbọ́n odò Ọ̀ṣun tí ó ṣàn kọjá ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí wa, kì í dúró sí Ẹdẹ. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ gba ilẹ̀ Ìbàdàn àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá títí ó fi wọ inú ọ̀sà Lẹkki. Ọ̀sà Lẹkki bá ọ̀sà Èkó tan, ọ̀sà Èkó sì bá òkun tan. Bí odò ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ń lọ. Àwọn ará ilé wa kan ti ń gbé ẹ̀bá ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun. Àwọn kan ń kó ẹrù, àwọn kan ń pẹja. Ọ̀bẹ tí wọ́n ń mú dání ni ó fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Mo mọ̀ pé ọ̀bẹ jẹ́ ohun kékeré láti kó ènìyàn jọ lé lórí. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ lè rà á lónìí kí ó sọ ọ́ nù lọ́la, kò sí ohun tí yóò ti ibẹ̀ yọ. Inú ọkọ̀ ni ọ̀ràn ti yàtọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí mi sọ fún mi ní Ẹ̀pẹ́ bí okùn àwọ̀n ṣe wé mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da àwọ̀n sómi, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n náà ní ọ̀bẹ lápò, ọ̀bẹ tí a ń ká, tí ó ń dán bí owó tuntun. Ó fà á yọ, kò ṣí. Ó fi eyín fà á, kò ṣí. Àdá tí wọ́n fi ń la igi ìdáná ni àbúrò fi gé okùn náà, nígbà tí ó ti wọ inú ẹran ẹsẹ̀ ná. Ọkùnrin náà yè, ó sì ń rìn, ṣùgbọ́n àpá náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀bẹ ọ̀hún fún mi, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú rẹ̀ kò ní àbàwọ́n kan. Inú oríkèé rẹ̀ ni ìpáàrà ti dì bí ẹrẹ̀ gbígbẹ.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju èyí lọ: ojú ọ̀bẹ ni àwa tí ń rajà máa ń wò, oríkèé rẹ̀ ni iyọ̀ máa ń wò. Ẹni tí yóò bá ra ọ̀bẹ kíká fún iṣẹ́ inú ọkọ̀, ibi tí iyọ̀ ń wò ni kí òun náà kọ́kọ́ wò.

Ìpáàrà

Èdè Yorùbá kò ṣahun nípa ọ̀rọ̀ yìí. A máa ń wí pé irin dípẹtà, a máa ń wí pé ó dógùn-ún; Bíbélì Yorùbá sì lo ìpáàrà nínú Ìwé Mátíù orí 6, níbi tí a ti kìlọ̀ fún ènìyàn nípa ìṣúra ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ so dógùn-ún mọ́ orúkọ Ògún, ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè tí wọ́n jókòó síwájú mi níhìn-ín. Ohun tí ó kàn mí ni pé àbájáde ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ. Irin pọ́n, ó ń ṣí bí èèpo, ó jẹ ihò: a ti mọ̀ pé ó bàjẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ya iṣẹ́ omi odò sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ omi iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ó ń pa ọ̀bẹ àwọn ará wa.

Ìpìlẹ̀ ọ̀ràn náà kò le. Inú òkúta ni irin máa ń wà nínú ilẹ̀, níbi tí òun àti ọ́síjìn ti so pọ̀ mọ́ ara wọn. Àwọn baba wa tí wọ́n ń sun irin, irú àwọn ti Ìsundunrin lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò tí iṣẹ́ wọn lókìkí, iná èédú ni wọ́n fi ń tú ìdè náà kí irin tó yọ. Ṣùgbọ́n irin kì í gbàgbé ilé. Bí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ bá ti bá a, yóò tún máa wá ọ́síjìn tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kiri, yóò sì máa padà di erùpẹ̀ pupa tí ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìrìn àjò padà sílé yìí ni à ń pè ní ìpáàrà. Iyọ̀ kọ́ ni ó dá a sílẹ̀. Ohun tí iyọ̀ ń ṣe ni pé ó ń la ọ̀nà fún un. Nígbà tí irin bá ń dípẹtà, agbára bí ti iná mànàmáná, bí ó tilẹ̀ kéré, a máa gba inú omi kọjá láti ibì kan dé ibòmíràn lára irin kan náà. Omi odò ń ṣe ìdíwọ́ fún agbára yìí. Omi iyọ̀ ń jẹ́ kí ó kọjá wọ̀ọ̀rọ̀wọ́. Nínú kílógíráàmù kan omi òkun, iyọ̀ ibẹ̀ tó bí gíráàmù 35. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ tí ó ti lo ọdún púpọ̀ lóko Sẹ̀kọ̀nà láìṣe nǹkan kan fi lè pọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú létí òkun.

Kí ẹ má sì rò pé ìgbà tí ọ̀bẹ bá jábọ́ sómi nìkan ni. Afẹ́fẹ́ etí òkun fúnra rẹ̀ ru iyọ̀. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀ dó sí etí òkun ní 1947, tí wọ́n sì ti mọ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn dájú, irin tí ènìyàn gbé kọ́ sínú ilé kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sà tún ní ìdààmú tirẹ̀. Omi odò ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀sà Lẹkki. Ọ̀sà Èkó ní tirẹ̀ a máa yí padà bí ìgbà ti ń yí: nígbà òjò, omi odò a lé omi òkun sẹ́yìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a tún wọlé. Ẹni tí ó bá ra ọ̀bẹ ní oṣù Òkúdù, tí ó sì fi ṣiṣẹ́ títí di Ọ̀wàrà, lè máa yin ẹni tí ó tà á fún un. Kí ó dúró di oṣù Èrèlé ná.

Irin tí wọ́n ní kì í dípẹtà

Ní 1913, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Harry Brearley ń wá irin tí yóò tọ́jọ́ fún inú ọ̀pá ìbọn. Ó po chromium mọ́ irin, tó bí ìdá 12.8 nínú 100, ó sì ṣàkíyèsí pé irin tí ó jáde kò ka ọtí kíkan sí. Ìlú àwọn tí ń rọ ọ̀bẹ ni Sheffield, nítorí náà ọkàn rẹ̀ lọ sórí ọ̀bẹ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irin náà fún kò rí i rọ, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ṣe kò mú, wọ́n sì ń fi Brearley ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni ó hùmọ̀ ọ̀bẹ tí kì í gé nǹkan. Ernest Stuart, tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ Mosley, ni ó wá rí ọgbọ́n irin náà dá. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni orúkọ stainless tí à ń rí lára ọ̀bẹ àti ṣíbí títí di òní ti wá.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú yẹ̀yẹ́ àwọn ará Sheffield, òótọ́ náà kò sì tíì tán nílẹ̀. Ohun tí chromium ń ṣe ni pé ó ń bá ọ́síjìn pàdé kí irin tó bá a pàdé. Àwọn méjèèjì á jọ ta awọ kan bo ojú irin, awọ tí ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni a ó tò léra kí ó tó nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Bí nǹkan bá ha awọ yìí, yóò tún ara rẹ̀ ta, bí afẹ́fẹ́ bá lè dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi di gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mú. A ó padà sí i. Kí irin tó lè ta awọ náà, chromium inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó bí ìdá 10.5 nínú 100. Irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fi rọ ọ̀bẹ lóde òní, tí ó jẹ́ irin abẹ́ mọ́tò àtijọ́ nígbà púpọ̀, chromium rẹ̀ kì í pé ìdá kan nínú 100.

Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù ni ó ń mú kí ọ̀bẹ le, kí ẹnu rẹ̀ sì mú. Kábọ́ọ̀nù àti chromium sì fẹ́ràn ara wọn. Bí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀, yóò fa chromium mọ́ra, wọn yóò di hóró líle nínú irin. Chromium tí ó bá sì ti bá kábọ́ọ̀nù lọ kò lè ṣọ́ ojú ọ̀bẹ mọ́. Nítorí náà kò tọ́ kí a ka iye chromium lórí ìwé kí a sì parí èrò síbẹ̀. Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní D2. Chromium rẹ̀ tó ìdá 12, síbẹ̀ ó ń dípẹtà, nítorí pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó bí ìdá 1.5. Òmíràn wà tí ará Amẹ́ríkà kan, Larrin Thomas, gbé jáde ní 2021, tí wọ́n ń pè ní MagnaCut. Chromium tirẹ̀ kò ju ìdá 10.7 lọ, ó sì ń fara da omi iyọ̀ ju D2 lọ fíìfíì, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà pò ó kò jẹ́ kí kábọ́ọ̀nù rí chromium gbé lọ. Owó tí ó wà nínú ìdílé yàtọ̀ sí owó tí ó wà lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tí ó tún jìn ju èyí lọ. Wọ́n yọ ọ̀pọ̀ kábọ́ọ̀nù kúrò, wọ́n sì fi náítírójìn rọ́pò rẹ̀, nítorí náítírójìn kì í tètè gba chromium lọ́wọ́ ojú irin. Láti Jàpáànù ni èyí tí wọ́n ń pè ní H1 ti wá, láti Jámánì ni LC200N ti wá. Èyí ẹ̀yìn yìí jẹ́ ìran irin tí wọ́n ń fi ṣe béárìn inú ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí irin ọ̀bẹ tí mo mọ̀ tí ó ń fara da òkun ju méjèèjì lọ. Àléébù wọn ni pé wọ́n gbówó lórí, àti pé bí a bá fi ẹnu wọn tí kò ní eyín gé okùn, wọ́n ń fẹ́ òkúta ìpọ́nbẹ léraléra.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ nípa òòfà, irin tí ń fa irin. Lọ́jà, àwọn kan a máa fi í dán ọjà wò: bí òòfà kò bá gbé irin náà, wọ́n á ní ojúlówó ni. Ìdánwò yìí wúlò fún ìkòkò. Irin tí níkẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, irú 304 àti 316, òòfà kì í gbé e, omi iyọ̀ kì í sì í tètè rí i gbé ṣe, pàápàá 316 tí wọ́n fi molybdenum sí. Ṣùgbọ́n iná kì í mú irú irin bẹ́ẹ̀ le. Bí wọ́n bá fi ṣe ọ̀bẹ, yóò máa dán, yóò sì kú lórí okùn kìíní. Nítorí náà, nínú àwọn ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pàtẹ lọ́jà, èyí tí òòfà bá kọ̀, kí ẹ̀yin náà kọ̀ ọ́.

Oríkèé

Mo ní kí ẹ bá mi di gbólóhùn kan mú, pé awọ ojú irin ń tún ara rẹ̀ ta bí afẹ́fẹ́ bá lè dé ibẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀bẹ kíká. Ìdí ojú rẹ̀ há sáàárín pẹlẹbẹ irin méjì, ìṣó kan gba àárín wọn kọjá, sipiríńgì sì tì í lẹ́yìn. Omi iyọ̀ wọ ibẹ̀. Ojú ọ̀bẹ tí ó wà níta, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti gbẹ ẹ́ kí apẹja tó délé. Ti inú oríkèé kò gbẹ. Ọ́síjìn ìwọ̀nba tí ó wà nínú omi inú ihò tóóró yẹn yóò tán, òmíràn kò sì ní rí ààyè wọlé. Awọ tí ó bá ya níbẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ta. Lọ́jọ́ kejì omi mìíràn wọlé, ó bá iyọ̀ àná níbẹ̀, iyọ̀ ń ki sí i, ihò bí ojú abẹ́rẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀ lára irin tí wọ́n kọ stainless sí. Ìpáàrà sì máa ń gba ààyè ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ. Nínú oríkèé tí kò ní àlàfo, ibo ni yóò wú sí? Ó fún ọ̀bẹ pa.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí ń ṣe ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú kò bìkítà fún. Wọ́n á fi irin ṣe ojú ọ̀bẹ, wọ́n á fi idẹ ṣe pẹlẹbẹ inú èkù, wọ́n á sì tún fi irin tí kò lórúkọ ṣe sipiríńgì. Bí ẹ̀yà irin tí kì í ṣe ìran kan náà bá fara kan ara wọn nínú omi iyọ̀, èyí tí ó rẹlẹ̀ nínú wọn ni yóò máa san gbèsè fún èyí tí ó ga. Idẹ ga ju irin lásán lọ. Sipiríńgì ni yóò jẹ gbèsè náà. Sipiríńgì sì ni ohun tí ó di ọ̀bẹ mú kí ó má baà ká mọ́ ọmọ ìka.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Lójú omi, àkọ̀ ni ó ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Àkọ̀ awọ tí ó bá ti mu omi iyọ̀ kò yàtọ̀ sí aṣọ tútù tí a fi wé ọ̀bẹ tọ̀sán tòru. Ní ti ọ̀bẹ kíká, èkù rẹ̀ náà ni àkọ̀ rẹ̀, kò sì sí bí a ti lè bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Yíyan ọ̀bẹ

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí a kò kúkú pa ọ̀bẹ kíká tì. Mo bi àwọn ará ọ̀sà ní ìbéèrè yìí, èsì wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àkọ̀ tí ó gbé kọ́ ìbàdí máa ń kọ́ àwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń fà á. Ọkọ̀ a máa mì, ẹni tí ó di ọ̀bẹ ṣíṣí mú sì lè fi gún ẹni tí wọ́n jọ wà lórí àga kan. Ọ̀bẹ tí ó ká sínú àpò ṣòkòtò wà lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, kódà bí ọkọ̀ bá dojú dé. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹni tí yóò rà á, kí ó kọ́kọ́ gbé e sókè kí ó wo oòrùn láti ẹ̀yìn èkù rẹ̀ dé iwájú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, omi odò náà yóò rí ọ̀nà gbà láti fọ iyọ̀ jáde. Bí ẹ̀yìn èkù bá dí pátápátá, kí ó dá a padà, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Lẹ́yìn èyí, kí ó wo ìṣó oríkèé. Èyí tí wọ́n kàn pa kò ṣeé tú. Èyí tí ó ṣeé fi irinṣẹ́ yí, a lè tú u lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí a nù ún. Nínú èrò mi, àmì méjì wọ̀nyí ṣe pàtàkì ju orúkọ irin lọ. Ọ̀bẹ onírin 420, tí àwọn tí ń kó ọ̀bẹ jọ fún ẹwà a máa fojú tín-ínrín nítorí pé kì í mú pẹ́, bí oríkèé rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, yóò pẹ́ lọ́wọ́ apẹja ju D2 olówó gọbọi lọ. Nípa ọ̀rọ̀ stainless lásán tí wọ́n kọ sára ọ̀bẹ, kò sọ ohun kan fún wa. Iye 440 lásán kò sì sọ púpọ̀, nítorí pé A, B àti C ni wọ́n pín in sí, kábọ́ọ̀nù wọn kò sì dọ́gba.

Ní ti ẹnu ọ̀bẹ, okùn ọ̀rá a máa yọ̀ lábẹ́ ẹnu tí ó dán. Eyín bí ti ayùn ni ó ń gbá a mú, ẹnu eléyín sì ṣì ń gé okùn lẹ́yìn tí ìyókù rẹ̀ ti kú díẹ̀. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ okùn, ìdákọ̀ró àti ẹrù, ẹnu eléyín láti ìdí dé orí ni mo fọwọ́ sí. Fún apẹja tí ń tún àwọ̀n ṣe tí ó sì ń fọ́ ẹja, ẹnu dídán dára jù, nítorí pé eyín kò ṣeé pọ́n lórí òkúta tí ó wà lẹ́yìnkùlé. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ńkọ́? Inú ọkọ̀ kò fẹ́ ọ̀bẹ olórí ṣóńṣó. Àwọn atukọ̀ òkun ti ń lo ọ̀bẹ olórí kúńdú fún ìgbà pípẹ́, ìdí rẹ̀ sì hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbìyànjú láti gé okùn lára ẹsẹ̀ ènìyàn nígbà tí ìgbì ń gbé ọkọ̀.

Èkù igi dára lójú, ṣùgbọ́n igi tí ó mu omi a máa wú, a sì máa há ojú ọ̀bẹ mọ́ inú. Èkù oníke tí ojú rẹ̀ rí págunpàgun, tí ó sì pọ́n tàbí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, ni kí a wá. Ọ̀bẹ dúdú tí ó bọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín àwọ̀n àti omi ìdọ̀tí ti sọnù nìyẹn. Kí ihò sì wà ní ìdí rẹ̀ tí a ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ìgbànú. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí, ọwọ́ òsì pàápàá, nítorí pé ọwọ́ kejì kì í ṣófo nígbà ewu. Kí a sì dán èyí wò ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ọwọ́ tí a ti fi omi ọṣẹ pa. Ẹni tí ń tà á lè bínú. Kí ó bínú.

Ọ̀bẹ Sẹ̀kọ̀nà

Bí mo bá dúró síhìn-ín, ọ̀rọ̀ mi yóò jẹ́ ti olówó nìkan. Ọ̀bẹ onírin náítírójìn kò sí lórí àtẹ ní Ẹ̀pẹ́, owó rẹ̀ kò sì sí lápò ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn. Èyí tí ọwọ́ wọn tó ni ọ̀bẹ dídán tí oríkèé rẹ̀ dí, irú èyí tí ó fi ọkùnrin kan sínú okùn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ kan ní Sẹ̀kọ̀nà, mo sì kó ọ̀bẹ tí oríkèé rẹ̀ ti fún pa náà dání. Bàbá alágbẹ̀dẹ yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi ọmọ-owú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lù ú títí ó fi là. Ó wo erùpẹ̀ pupa tí ó dà sílẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, irin tiyín náà ń pọ́n bí ó bá dé etí òkun."

Ó ní, "Ó ń pọ́n, olùkọ́. Ṣùgbọ́n irin mi kì í purọ́. Bí ó bá ń pọ́n, ìta ni yóò ti pọ́n, ẹni tí ó ni ín yóò sì rí i."

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, n kò sì rí ibi tí ó ti ṣì í sọ. Ìpáàrà tí ó wà ní gbangba, òkúta àti òróró lè kápá rẹ̀. Ọ̀bẹ tí kò ní oríkèé kò ní ibi tí ìpáàrà yóò sápamọ́ sí. Ìdájọ́ mi nìyí fún ẹni tí kò lówó ọ̀bẹ kíká tí ó péye: kí ó má ra ayédèrú rẹ̀, kí ó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Mo mọ̀ pé èyí tako ohun tí àwọn ará ọ̀sà sọ nípa àkọ̀ tí ń kọ́ àwọ̀n. Bàbá alágbẹ̀dẹ náà gbọ́ ẹjọ́ yìí, ó sì yí iṣẹ́ rẹ̀ padà nítorí rẹ̀. Ọ̀bẹ tí ó rọ fún mi kúrú, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orí rẹ̀ kúńdú. Ó fi ayùn irin ya eyín sí ìdajì ẹnu rẹ̀ ní ìdí. Èkù rẹ̀ jẹ́ irin kan náà pẹ̀lú ojú rẹ̀, ó fi okùn ọ̀rá wé e, okùn tí ó ṣeé tú kí a sá a sóòrùn. Igi ni ó fi ṣe àkọ̀ rẹ̀, pẹlẹbẹ méjì tí kò fún ara wọn pọ̀, ó sì lu ihò sísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Àyà ni wọ́n ń gbé e kọ́, lábẹ́ ẹ̀wù, kì í ṣe ìbàdí.

Ìtọ́jú ọ̀bẹ méjèèjì kò yàtọ̀ púpọ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, omi odò ni kí a fi fọ̀ ọ́ kí iyọ̀ tó gbẹ. Omi inú ọ̀rá kan tó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ kíká, kí a máa ṣí i, kí a máa pa á dé nínú omi náà bí ìgbà mẹ́wàá, nítorí pé ìgbà tí oríkèé bá ń yí ni iyọ̀ inú rẹ̀ ń jáde. Kí a fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, òróró. Òróró ẹ́ńjìnnì ni ó súnmọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń fọ́ ẹja tí à ń jẹ. Epo pupa a máa dì, a sì máa kó iyanrìn mọ́ra. Òróró àgbọn ni mo rí pé ó bá iṣẹ́ náà mu, àgbọn kò sì wọ́n létí òkun.

Ọ̀bẹ mẹ́ta ni mo kó wá. Èyí tí ó fún pa, tí Bàbá alágbẹ̀dẹ là sí méjì. Èyí tí ó rọ fún mi ní Sẹ̀kọ̀nà, tí ó ti lo ẹ̀ẹ̀rùn kan ní ọ̀sà tí ó sì padà wálé. Àti ọ̀bẹ kíká kan tí ẹ̀yìn èkù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí ń wa ọkọ̀. Wọ́n wà lórí tábìlì níwájú Alága. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wò wọ́n lè bọ́ síwájú kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹ rọra mú èyí àárín, ẹnu rẹ̀ mú.